Pádì Inú Tí Láyí Kò Wò

Ẹ̀rù ni mo fẹ́ fi bà yín lónìí, n kò sì ní tọrọ àforíjì. Ẹ̀rù tó bá mú ènìyàn yẹ mọ́tò rẹ̀ wò, ẹ̀rù rere ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Ìlúpéjú-Èkìtì, Láyí ń kó ẹrù sínú mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò pupa pẹlẹbẹ onílẹ̀kùn méjì ni, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Òun àti Yéwándé ìyàwó rẹ̀ ló wá kí bàbá nílé, wọ́n sì fẹ́ padà sí Ìbàdàn. Oyún Yéwándé ti pé oṣù méje.

Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá Ògúndélé tó bí Láyí, Ògún ló sì ń bọ. Láyí kì í lọ kí ó má kọ́kọ́ gbé mọ́tò dé ẹ̀gbẹ́ ojúbọ níwájú ilé. Bàbá á wá bu epo pupa dà sí táyà iwájú lápá ọ̀tún, èyí tó sún mọ́ ojúbọ. Bàbá kì í sì í ṣe ahun. Epo náà á ṣàn gba àárín rímù wọlé.

“Ògún á ṣíwájú yín,” ni bàbá wí. “Ẹ ó dé ulé o. Ẹ ò ní pàdé ukú lọ́nà.”

“Àṣẹ, bàbá,” ni tọkọtaya dáhùn.

Wọn ò tí ì jìnnà lójú ọ̀nà Ìfàkì tí wọ́n fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Láyí tẹ búrẹ́kì. Mọ́tò fà sí òsì, ó já sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Ọkọ̀ agbégi ńlá kan ló sì ń bọ̀ níwájú wọn.

“Jésù!” Yéwándé kígbe.

Láyí fi gbogbo agbára yí ìtọ́kọ̀ padà. Ọkọ̀ agbégi náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi mọ́tò wọn jìgìjìgì. Yéwándé di ikùn rẹ̀ mú.

Láyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. “Ọ̀nà yìí ni kò tẹ́jú,” ni ó wí.

“Ọkọ mi, ó fà bẹ́ẹ̀ lánàá nígbà tá à ń bọ̀. Mo dákẹ́ ni. Mo tún ń gbọ́ ohun tó ń dún bí ìgbà tí irin ń ha irin.”

Láyí sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo àárín rímù. “Wò ó, pádì búrẹ́kì ṣì nípọn dáadáa. Ṣebí bàbá ti da epo sí i?”

“Wọ́n dà á sí i, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí ẹ ò bá ní gbé e lọ fún mẹkáníìkì, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ wà á lọ. Màá fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìfàkì pẹ̀lú oyún yìí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Láyí rọ̀. Wọ́n rọra wọ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ Túnráyọ̀ mẹkáníìkì ní Ìfàkì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: obìnrin ni Túnráyọ̀, ó sì mọ mọ́tò ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá lọ.

“Mo ti wo pádì, ó nípọn,” Láyí tètè sọ.

“Èwo lẹ wò?”

“Èyí tó wà níta.”

“Méjì ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, díìsì, àwo irin tó ń bá táyà yí, wà láàárín wọn, àwọn ló sì ń fún un mú. Ṣé ẹ rí ti inú?”

Túnráyọ̀ fi jáàkì gbé mọ́tò, ó tú táyà ọ̀tún. Pádì ìta nípọn lóòótọ́. Ó yọ ti inú: pádì ti tán lórí rẹ̀ pátá, irin lásán ló kù, ó sì ti ha díìsì jágajàga. Yéwándé bo ojú rẹ̀.

Túnráyọ̀ tú ti òsì náà. “Ẹ wò ó. Ti òsì, ọgbọọgba ni méjèèjì jẹ. Ti ọ̀tún, ọ̀kan ti jẹ tán, èkejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ rárá. Òsì nìkan ló ń mú dáadáa, ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń fà síbẹ̀.”

“Ẹ bá wa fi pádì tuntun sí i, ká máa lọ,” ni Láyí wí.

“Èyí tuntun náà á jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó fà á.”

Ó ti kálípà, irin tó ń di díìsì mú. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin kékeré méjì, ṣùgbọ́n kò mira. Túnráyọ̀ fi hámà lu irin kékeré kan títí ó fi jáde. Nǹkan pupa dúdú kan ti dì mọ́ ọn lára. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Epo pupa! Ó ti pò mọ́ eruku, ooru díìsì sì ti sọ ọ́ di oje. Ta ló ń da epo sí ẹsẹ̀ mọ́tò yín?”

Tọkọtaya wo ojú ara wọn. Láyí mú fóònù, ó tún fi sápò. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ irú èyí fún baba rẹ̀?

“Bí ẹ ò bá sọ fún wọn, wọ́n á tún dà á,” ni Yéwándé wí.

Láyí pè é. Kò pẹ́ tí bàbá fi gun ọ̀kadà dé. Túnráyọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi irin náà lé e lọ́wọ́. Bàbá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e sí imú. Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún un.

“Èmi alágbẹ̀dẹ!” ni ó wí. “N kì í jẹ́ kí epo kán sí oríkèé ẹ̀mú mi, torí bó bá ti rí uná àti eruku, á dì, ẹ̀mú ò ní ṣí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń dà á sí ẹsẹ̀ mọ́tò ọmọ mi.”

Ó wo ikùn Yéwándé, ó jókòó lórí táyà, ó ń sunkún. “Ukú tí mo ní kí ẹ má pàdé, ọwọ́ mi ni mo fi ń bù ú.”

“Bàbá, ẹ má sunkún mọ́,” ni Túnráyọ̀ wí. “Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má bọ Ògún. Ojúbọ ni kẹ́ ẹ da epo sí. Búrẹ́kì ní gíríìsì tirẹ̀ lọ́tọ̀.”

Ó pààrọ̀ irin tó dì, rọ́bà rẹ̀, àti díìsì àti pádì ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀. Mọ́tò ò fà mọ́.

Ẹ̀yin onímọ́tò, bí mọ́tò yín bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì, tàbí tí irin ń ha irin, ẹ má dá ọ̀nà lẹ́bi. Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú táyà, kó wo pádì ìta àti ti inú, kó fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí wọn ò bá jẹ dọ́gba, ẹ má kàn pààrọ̀ pádì, ẹ wá ohun tó fà á. Ẹ má sì jẹ́ kí epo kankan kan búrẹ́kì, ì báà jẹ́ epo àdúrà.

Bàbá mú irin tó dì náà lọ sí ojúbọ Ògún. Lórí rẹ̀ ló ń da epo sí báyìí. Yéwándé ti bímọ, ọmọ náà ti wá kí bàbá ní Ìlúpéjú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá dúró gbagidi síwájú mọ́tò, kò yà.

“Láyí, ṣé o ti yẹ ti unú wò?”