Kóòtù Tó Ń Bo Ẹ̀wọ̀n

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọmọbìnrin náà ń fi òróró pa ẹ̀wọ̀n irin ní àgbàlá iṣẹ́ bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá háyà katapílà tí í fa kùkùté igi ńlá tu. Ìyá rẹ̀ wọlé láti ilé ìwòsàn. Kóòtù bàbá wà lápá rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Bàbá kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà wo kóòtù, ó wo ojú ìyá rẹ̀, òróró sì ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kóòtù náà ló fún bàbá ní orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n bá ti so ẹ̀wọ̀n mọ́ kùkùté, kí katapílà tó fà á le, bàbá a rẹ kóòtù nínípọn náà sínú omi, a gbé e lé ẹ̀wọ̀n láàárín. Bí ẹ̀wọ̀n bá já, ìwúwo kóòtù ni yóò fà á wálẹ̀, kò ní lè fò lu ènìyàn. Àwọn oníbàárà a máa rẹ́rìn-ín.

"Adáṣọbẹ̀wọ̀n, ṣé òtútù ń mú ẹ̀wọ̀n ni?"

"Òtútù ò mú un. Orí yín ni mò ń dáṣọ bò."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin náà fi kóòtù náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Òórùn bàbá ṣì wà ní ọrùn rẹ̀: òróró ẹ́ńjìnnì, ọṣẹ, àti òógùn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí omi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, òórùn náà yóò lọ, bàbá yóò sì kú lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ kì í dúró de ọ̀fọ̀. Obìnrin kan tó fẹ́ kọ́lé wá háyà katapílà. Kùkùté ràgàjì kan jókòó sáàárín ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Ní àárọ̀ Sátidé, awakọ̀ katapílà, tó ti bá bàbá ṣiṣẹ́ pẹ́, yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá kékeré, gbé kóòtù wá ká máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i."

"O ò rí i? Kóòtù tó tóbi tó àgọ́?"

"Bóyá wọ́n ti kó o mọ́ ẹrù. Ẹ jẹ́ ká mú èyí." Ó na àpò sìmẹ́ńtì kan tó ṣófo sí i.

Awakọ̀ gbé àpò náà wò. "Ó mà fúyẹ́ o."

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ó fúyẹ́. Bàbá ti sọ ọ́ sọ ọ́: aṣọ fẹ́lẹ́ kì í mú ẹ̀wọ̀n balẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ti jáde lẹ́nu, ó sì nira láti pè é padà.

"Bàbá ti lò ó rí. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni," ó wí. Awakọ̀ gbà á gbọ́.

Lórí ilẹ̀ obìnrin náà, kùkùté kọ̀, kò gbọ́. Katapílà ń gbin, ilẹ̀ ń sán.

"Wọ́n ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì," obìnrin náà ké láti òkèèrè. "Awakọ̀, ẹ rọra o."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́yìn láti wo gbòǹgbò. Ìgbà náà ni ẹ̀wọ̀n já. Ó gbọn àpò sìmẹ́ńtì dànù bí ewé, ó fò, ó sì ṣẹ́ awakọ̀ lápá.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ká ní ẹ̀wọ̀n náà gòkè díẹ̀ sí i ni, orí ni ì bá bà. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kóòtù ò sọnù. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Bàbá ò sì lo àpò sìmẹ́ńtì rí."

Awakọ̀ wo apá rẹ̀ tí wọ́n dì. "Ká ní o sọ pé o ò lè yọ̀ǹda rẹ̀ ni, ǹ bá wá aṣọ mìíràn tó wúwo. Ọ̀fọ̀ rẹ kọ́ ló ṣẹ́ mi lápá. Irọ́ yẹn ni."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà délé, ó di mọ́ kóòtù náà, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó jókòó tì í.

"Èmi náà máa ń yọ́ gbóòórùn rẹ̀ tó o bá lọ sílé-ìwé," ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, bàbá rẹ ò fi kóòtù yìí bo ara rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí òtútù ibà ń mú un, tó wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ló ń fi í bò."

Nígbà tí apá awakọ̀ san, wọ́n mú ẹ̀wọ̀n tuntun, wọ́n padà sídìí kùkùté náà. Ọmọbìnrin náà ló gbé kóòtù wá fúnra rẹ̀. Ó fi imú kan ọrùn rẹ̀, ó sì rì í bọ inú korobá omi. Ó ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn olóògbé kò gbọdọ̀ fi irọ́ tọ́jú ohun tó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ rere tí olóògbé ń fi nǹkan náà ṣe ni kó máa bá a ṣe lọ.

"Ṣé òtútù ń mú ẹ̀wọ̀n yìí ni?" obìnrin náà bi í.

"Rárá, mà. Orí yín ni mò ń dáṣọ bò."

Ó gbé kóòtù tútù náà lé ẹ̀wọ̀n láàárín, ó tún ọrùn rẹ̀ ṣe bí ẹni ń wọ̀ ọ́ fún bàbá, ó sì kúrò lọ́nà.