Ọwọ́ Bàbá Lójú Kọ̀ǹpútà

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí àwòrán ṣe ń rìn wí. Ó gbé bọ́ọ̀lù pupa kan sí apá òsì ojú kọ̀ǹpútà, ó fi àmì sí i. Ó gbé e lọ sápá ọ̀tún, ó tún fi àmì sí i. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, bọ́ọ̀lù yí fúnra rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún.

"Kífírémù là ń pe àmì méjèèjì yìí. Èmi fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin hàn án, kọ̀ǹpútà ló ṣírò gbogbo àárín. Àmọ́ ìṣirò nìkan ló mọ̀ o. Bí ẹ ò bá sọ fún un pé kí nǹkan rọra gbéra, kó sáré, kó tún rọra dúró, ìrìn kan náà ló máa rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó yá, kí kálukú lọ jókòó ti ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì mú un wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọmọ Aránbàtà ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ́rìn-ín títí erìgì fi hàn. Ó nu àpótí ìjókòó kejì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránbàtà rẹ̀ níwájú ilé.

"Ìyá mi, èmi náà á wọ kọ̀ǹpútà! Wá lọ́la. Mo ní bàtà aláwọ kan tí mo fẹ́ fọwọ́ rán."

Lọ́jọ́ kejì, Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, bú sẹ́rìn-ín. "O fẹ́ lọ máa gbóòórùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀? Ya fọ́tò méjì, kí kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù. Fíìmù tuntun wà nílé wa."

Ó tẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́, bàbá béèrè, "Ìyá mi, o ò wá mọ́?"

"Ó dọ̀la, Bàbá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn; bẹ́ẹ̀ náà ló wí lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́bọ̀, bàbá ò béèrè mọ́. Ó ń fọwọ́ ra àyà rẹ̀, ọmọ náà sì rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ya fọ́tò rẹ̀ méjì: ọwọ́ lára bàtà, ọwọ́ lókè pẹ̀lú òwú. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo kíláàsì wo iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà gbéra láti ara bàtà, ó la àárín awọ kọjá bí ẹni tó ń la èéfín kọjá, ó dé òkè láìsinmi.

"Ṣé o jókòó tì wọ́n?" ni Àǹtí béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ mẹ́ta."

Àǹtí wò ó títí. "Kọ̀ǹpútà ló ṣe èyí. Kò mọ bàbá ẹ. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n."

Omi lé ròrò lójú ọmọ náà, ó sì jẹ́wọ́. "Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ẹ," ni Àǹtí wí. "Lọ bá bàbá ẹ."

Eré ló sá délé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí dé ìdajì, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kejì ló dá a dúró. "Wọ́n ti gbé bàbá ẹ lọ sí ọsibítù. Wọ́n di àyà mú, wọ́n sì ṣubú. A pè ẹ́ títí!"

Ọmọ náà ti pa ohùn fóònù rẹ̀. Ìpè méje ló wà níbẹ̀.

Ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé bàtà bàbá sórí itan. Ó yé e pé bàbá ti kú. "Wọ́n béèrè ẹ," ni ìyá wí. "Wọ́n ní ṣé o ti dé láti wá wo àwọn."

Ọmọ náà gbá bàtà náà mọ́ àyà.

Ó tó oṣù kan kó tó tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ fi àmì sí àárín fọ́tò méjì náà, bí bàbá ṣe ń rán bàtà gan-an. Kò mọ̀ ọ́n. Ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Wọ́n máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó fa òwú," ni ìyá wí.

"Ọwọ́ wo ló ń dúró, Màmá? Ọ̀tún àbí òsì?"

"Mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ mi." Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ náà padà wá, ọwọ́ bàbá wà lórí bàtà, kò mira. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lójijì, ó ti wà lókè.

"Mo ní kí kọ̀ǹpútà má fi nǹkan kan dí àárín," ni ọmọ náà wí. "Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́."

Tẹ́ẹ́rẹ́ dorí kodò. Àǹtí fà á mọ́ra.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òbí yín bá ní kẹ́ ẹ wá jókòó ti òun, ẹ má ṣe sọ pé ó dọ̀la. Fíìmù ò ní tán láyé. Ẹ lọ lónìí, kẹ́ ẹ sì wò wọ́n dáadáa.