Amọ̀ Àsíátù Lábẹ́ Adágún

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1983, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni àwọn tó ń sé odò Ògùn dé sí ààfin Baálẹ̀ Abà Alámọ̀, lápá Ìsẹ́yìn. Agbádá òfì aláró ni Baálẹ̀ wọ̀, ó jókòó sórí awọ àgùntàn. Ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lanu.

"Ẹ pẹ́ fún wa o, Baba. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, omi á ti bo ibí. A ti kọ́lé fún yín lórí òkè. Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Wọ́n sì kó o. Wọ́n kó iṣu, wọ́n kó ewúrẹ́, wọ́n ṣí páànù orí ilé. Àsíátù nìkan ni kò kó ohun tó yẹ kó kó, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Òun ni amọ̀kòkò kan ṣoṣo tó kù lábà náà, nítorí abọ́ tánganran ti lé àwọn yòókù sídìí òwò. Àdùkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ìdí ìkòkò, ó mọ ikùn rẹ̀. Ọrùn ló kù, ìyẹn ló sì le jù. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni ìyá rẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Etí odò gan-an ni wọ́n ti ń wa amọ̀. Tójò bá pọ̀, odò á bò ó. Tọ́yẹ́ bá dé, omi á fà. Èèwọ̀ ni kéèyàn wà á lásìkò òjò. Òjò ló sì ń rọ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ìyá Àdùkẹ́, wa ìwọ̀nba díẹ̀ pamọ́. Omi yìí ò jọ ti tẹ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba Àdùkẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ìyá mi ni? Mélòó làwọn apẹja tó ti sé odò yìí tí kò já? Tọ́yẹ́ bá dé, á fà."

Ọyẹ́ dé. Ètè sán, koríko gbẹ, omi ò fà. Àní ó tún ń gòkè sí i. Àràárọ̀ ni Àsíátù ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo adágún náà, tó ń dá wà bí opó. Àwọn apẹja dé láti òkè Ọya, Ràmọ́nì náà ra àwọ̀n. Ẹja pọ̀ lóòótọ́, n ò ní purọ́. Àwọn èèyàn ní kó fi amọ̀ ibòmíràn kọ́ ọmọ rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Amọ̀ àjèjì kọ́ ni màá fi kọ́ ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kómi fà ná."

Háà, agídí! Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá báyẹn. Ní ìkẹta, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Ìyápọ̀, oníṣòwò kan tó fẹ́ràn olóògbé náà, fi ọkọ̀ gbé amọ̀ dáadáa wá láti Ṣakí.

"Àdùkẹ́ mi, mọ ẹyọ kan péré fún wa, kíṣẹ́ ìyá rẹ má parun."

Àdùkẹ́ po ó, ó lù ú. Ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa, ikùn rẹ̀ yọ roboto. Àwọn obìnrin ń kí i kú iṣẹ́. Nígbà tó kan ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó tán o," ló wí. "Ibi tí ìyá mi kọ́ mi dé nìyí."