Wọ́n Ti Sanwó, Ó Kọ̀ Kò Wọlé

"Ẹnu lásán ni mo fi fẹ́ táyà tìrélà mẹ́rìndínlógún kí dírẹ́bà tó tọ̀ tán! Díẹ̀ ló kù kí tìrélà fò!"

Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ nìyẹn, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá gáréèjì. Tó bá ń parọ́, aláǹgbá orí ògiri á dáwọ́ orí mímì dúró wò ó.

Ṣùgbọ́n ó ní àtọ̀gbẹ, àtọ̀gbẹ kì í sì í bá èèyàn ṣàwàdà. Ìṣó kan gún un lẹ́sẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta, egbò kò jiná. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan dúdú bí èédú. Dókítà ní àfi kó wọ inú àgbá irin tí wọ́n ti ń fi agbára ti ọ́síjìn wọ ara, nígbà ọgbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Owó ìgbà kan péré tó táyà tuntun méjì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbà kó tó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó, ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní. Ó san án pátá, ó fi rìsíìtì lé e lọ́wọ́. "Àbúrò mi, má jẹ́ kí n sin ọ́. Ṣáà ti lọ wọlé."

Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ débẹ̀. Ó rí ilẹ̀kùn irin, ó gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń dún ṣìììì. Jìnnìjìnnì bò ó. Táyà lásán tó bẹ́ lójú rẹ̀ rí gbé òrùlé lọ, ká má tíì sọ ti àgbá irin! Ó sá jáde.

Láti ọjọ́ náà, á délé, á ní, "Àǹtí, mo sùn nínú rẹ̀ bí ọba!" Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, ó ki ẹsẹ̀ bọ túùbù táyà, ó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, ó ní afẹ́fẹ́ kan náà ni. Egbò náà ti ń rùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, gbóòórùn rẹ̀. "Ọ̀gá, ta lẹ ń tàn? Ẹlòmíràn sanwó, ẹ kọ̀ ẹ ò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe sí Jésù tó kú fún yín."

"Lọ so wáyà ẹ jàre! Èmi tí ikú ń dọ̀bálẹ̀ fún!"

Lọ́jọ́ kejìlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà sí ilé ìwòsàn láti wò ó. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, a ò tíì rí i rárá o. Ojoojúmọ́ la ń pe orúkọ rẹ̀."

Obìnrin náà ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù, túùbù lẹ́sẹ̀. Kò bú u. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ sá! Toun ti túùbù, ẹsẹ̀ kan ń sáré, ìkejì ń ta pọ́n-ún bí bọ́ọ̀lù. Ó dé kọ́nà, túùbù yọ, ọmọ ìka náà sì bá a yọ.

Ó wò ó nílẹ̀. Kò dùn ún. Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn: kò dùn ún rárá.

"Jésù! Mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo parọ́ fún Ọ! Gbà mí!"

Rìwáyà gbé e dìde. Ọjọ́ yẹn gan-an ló wọ àgbá náà, ó ń gbàdúrà, ó sì ń padà wọ̀ ọ́ títí ìgbà ọgbọ̀n fi pé. Ìka mẹ́rin ló kù lẹ́sẹ̀ náà lónìí, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ti di ẹni tuntun.

Ìwọ tó ń kà á, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ńkọ́, ó ṣì ń dùn ọ́? Bí kò bá dùn ọ́ mọ́, bẹ̀rù! Ó ti ń jẹrà nìyẹn. Kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n tà nítorí rẹ, Ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n kàn mọ́ igi. Ó ti san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tán. Ilẹ̀kùn ṣí lónìí. Ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí ọ̀la fún ọ. Má sá fún Jésù mọ́. Wọlé.