Obìnrin Tó Ń Wá Iná Orí

"Fọwọ́ kàn án jàre, ojo!" Maud ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ọ̀dà lásán ni."

Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ti tẹ̀ lé olùkọ́ lọ sí yàrá kejì nínú ilé àwòrán kékeré kan ní ìlú Zwolle. Maud àti Wietske nìkan ló kù síwájú àwòrán kan tí kò fẹ̀ ju ìwé ìròyìn lọ. Obìnrin kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ń wá iná orí fún un. Wọ́n ti yà á láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé, síbẹ̀ oòrùn tó wà lára ògiri rẹ̀ dà bí oòrùn àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹnu ya Wietske. Báyìí ni ìyá òun náà ṣe máa ń di orí òun mú!

Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àmọ́ Maud ti gbé fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀. Wietske na ìka, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà.

Aago ìkìlọ̀ han gooro. Kó tó yíjú padà, Maud ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé àwòrán náà sọ fún àwọn òbí Wietske, wọ́n sì ní kó padà wá ní Sátidé, kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣe. Ìyáàfin Hennie, tó ń tún àwòrán ṣe, tan iná sí i. Ọ̀rá ìka Wietske hàn ketekete lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ojú tì í.

Ìyáàfin Hennie ki òwú bọ ẹnu, ó fi itọ́ rin ín, ó sì ń nu ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Itọ́ kẹ̀, mà?"

"Itọ́ ni o. Kí ni màmá ẹ fi ń nu ẹnu ẹ nígbà tó o wà lọ́mọdé?" Ó yí iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó yá, wo irun ọmọ yẹn."

Ipa ìka kan wà níbẹ̀, gbogbo ilà rẹ̀ pé.

"Ìka ẹni tó yà á nìyẹn. Ọ̀dà ò tíì gbẹ nígbà tó fi ìka tẹ irun yẹn kó lè rí múlọ́múlọ́. A ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀."

Wietske sún mọ́ ọn, àmọ́ ó káwọ́ sẹ́yìn. Àfi bíi pé onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti yé e pé ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe, ìbáà dára, ìbáà burú, lè wà níbẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.