Ilé Onílẹ̀kùn Kúkúrú

Kò sí ẹni tó wọ ilé náà rí láìtẹrí ba. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga ju àyà mi lọ, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an kò ga. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ògiri tí mo ti wó kò lóǹkà, àmọ́ ohun tí mo rí lára ti ilé yìí kò bá mi lára mu. Lóde, lókè ilẹ̀kùn, ojú kan ti jinnú bí àwo, ó sì ń dán. Àfi bíi pé ẹnìkan tó ga ti ń fi iwájú orí ti ibẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan.

Ọmọ ilé náà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan, ló pè mí. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ ní òun nìkan. Lọ́jọ́ náà, ìyá ti lọ kí àbúrò rẹ̀.

"Kí wọ́n tó dé ni kẹ́ ẹ bá mi gbé ilẹ̀kùn yìí sókè," ó ní, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mò ń forí gbá a. Ṣé àgò adìẹ ni ilé bàbá ẹni ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yọ igi àtẹ́rígbà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ti ga dáadáa. Ọmọ ilé lọ ra sìmẹ́ńtì.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan dé. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Orúnkún rẹ̀ kò ká. Ṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣìì, ṣìì. Ó nàró gbọnrangandan kọjá lára mi, ó wọlé. Mo rò pé ẹbí ni. Mo bá iṣẹ́ mi lọ, àmọ́ òtútù kan ń jáde látinú ilé, ó ń fẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ ilé àti ìyá rẹ̀ pàdé lọ́nà, wọ́n jọ dé ni. Bí ìyá ṣe rí ilẹ̀kùn, ẹrù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ sókè.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ó kàn kúrú jù ni."

"Bàbá bàbá rẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilé yìí bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá wa gbé, kó kọ́kọ́ tẹrí ba fún wa. Ohun kan wà tí kò lè tẹrí ba. Láti ìgbà ayé bàbá àgbà ni nǹkan náà ti ń dúró síta." Ó yíjú sí mi. "Bíríkìlà, mo bẹ̀ ọ́, dá a padà."

Mo dá igi padà, mo mọ òkè rẹ̀ pa kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá fọwọ́ pa igi náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ wọlé?"

Mo wo ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀.

"Kò sí, mà."

"Olúwa á bù kún ọ." Ó tẹrí ba, ó wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àgbà, ó kí ilé tó gbà pé ó ṣófo: "Ẹ kú ilé o."

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti yàrá. Ọmọ ilé ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níta.