Òwú Dúdú Lọ́rùn Aṣọ

Ẹ̀wù kẹta tí Abẹ́rẹ́ máa yẹ ọrùn rẹ̀ wò, òwú dúdú ló tún bá níbẹ̀. Ẹ̀wù akọ̀wé báǹkì ni, òwú pupa ló sì yẹ kó wà lára rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ti awakọ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run ni ti obìnrin agbẹjọ́rò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn: kí aṣọ tó kan omi, wọ́n á ti rán òwú oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn rẹ̀ nínú, kí aṣọ ẹnìkan má baà bá ẹlòmíràn lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń rán òwú náà, iṣẹ́ tó mọ̀ bí ẹní mowó ni. Ìlà-ò-wọ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí bí eṣinṣin bá bà lé ìlà ṣòkòtò tó bá lọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gé. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, oorun ti jìnnà sí i, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́, ẹ̀rín sì ti wọ́n lójú rẹ̀ bí omi ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú. Olólùfẹ́ kan ò já a sílẹ̀. Inú rẹ̀ ló kàn ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé òwú dúdú ló ń rán mọ́ ohun gbogbo.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀wù akọ̀wé báǹkì nìyí o," ni Abẹ́rẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ṣebí aṣọ náà ni gbogbo ẹ̀. Fi sílẹ̀ jàre."

Abẹ́rẹ́ ò fi í sílẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ yẹn lásán. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó kó àwọn aṣọ náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tú òwú dúdú kúrò, ó fi àwọ̀ tó yẹ rọ́pò. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́ tó bá ti ilé ìwé dé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe pé kò mọ ibi tí èèyàn lè lọ. Olùkọ́ wọn kan ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn àdúgbò, níbi tí agbaninímọ̀ràn ti ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, àti pé ohun tí apá bá ká ni wọ́n ń gbà. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọmọkùnrin kan ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ilé àwọn wèrè!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ta ló wá máa mú ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ lọ sírú ibẹ̀ yẹn?

Ọkàn ìyá wọn ò balẹ̀. "Ẹ wò ó, ọmọ yìí ń rù o," ló sọ fún bàbá nídìí oúnjẹ.

"Kí ló ṣe é? Ṣé aṣọ ẹnikẹ́ni ti ṣìnà láti ìgbà yìí wá ni?" ni bàbá dáhùn. "Ẹni tí nǹkan ń ṣe ò lè ṣiṣẹ́ tó mọ́ tónítóní báyẹn. Ìwà èwe ló ń dà á láàmú."

Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ. Ó tẹrí mọ́ abọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò àṣejáde dé, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló ń lò ní ilé ìwé. Kò ráyè tú òwú mọ́, lọ́sẹ̀ náà sì ni àṣírí tú. Ẹ̀wù akọ̀wé báǹkì bá awakọ̀ lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ ò sì lè pàdé lórí ikùn awakọ̀. Obìnrin agbẹjọ́rò mú ṣòkòtò péńpé ọkùnrin kan wá. "Ta ló ni èyí? Ẹ bá mi wá olówó ẹ̀ kí ọkọ mi tó bi mí!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń ti ìdánwò wọlé ló ń gbọ́ ohùn bàbá. "O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́! Dá mi lóhùn!"

Ìlà-ò-wọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀wù funfun kan, kò tì í síwájú, kò fà á sẹ́yìn. Èéfín ń rú, ó ń wò ó. Bàbá fò mọ́ ọn, ó gbá áyọ́ọ̀nù náà, ó sì já lé ọmọ náà lẹ́yìn ọwọ́. Awọ bó. Ohun tó dẹ́rù ba Abẹ́rẹ́ jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tiẹ̀ ké.

Ní ilé ìwòsàn àdúgbò, nọ́ọ̀sì ń di ọwọ́ náà. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Oorun ńkọ́? Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn, mà." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí bàbá. "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kò ju ọ̀sẹ̀ yìí náà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré tẹ́lẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàámi. Ẹ má bínú. Ó ti pẹ́. Èmi ni mò ń tú òwú dúdú tí Bùrọ̀dá ń rán, tí mò ń fi èyí tó yẹ rọ́pò. Ojú ló ń tì mí."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbì. "Iṣẹ́ ọwọ́ tìẹ ni mò ń wò," ló wí, "tí mò ń sọ pé ara ọmọ mi le." Ó nu ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, irú èyí, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ń gbé e lọ, apá wa ò sì lè ká a."

"Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà, bàbá. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni. Ohun tí apá yín bá ká lẹ ó san. Bí kò bá ká nǹkan kan, ẹ ṣáà máa mú un bọ̀. Bó bá gba dókítà, agbaninímọ̀ràn ibẹ̀ ló máa júwe rẹ̀ fún yín."

Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, kò sí idán níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìlà-ò-wọ́ kọ̀, kò wọlé. Agbaninímọ̀ràn, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, jáde wá jókòó tì í. Ọmọkùnrin tó kígbe "ilé àwọn wèrè" wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun àti Abẹ́rẹ́ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Ìlà-ò-wọ́ gbà láti wọlé. Síbẹ̀, títí di ìsinsìnyí, àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í lè dìde lórí ibùsùn. Àwọn oníbàárà kan ò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ẹ̀wù kan, ó dúró tì í pẹ́.

"Abẹ́rẹ́, àwọ̀ wo ni ti akọ̀wé báǹkì? Mo ti gbàgbé."

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ti nà láti gba ẹ̀wù náà, ó sì fà á padà. "Pupa ni, Bùrọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán an. Òwú náà wọ́, Abẹ́rẹ́ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Abẹ́rẹ́ ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá bá aláìsàn dákẹ́, àìsàn náà ló ń bá a fi pamọ́ fún ẹni tó lè wò ó. Bí ọkàn èèyàn wa bá ń ṣókùnkùn, ká sọ ọ́ síta, ká sì bèèrè ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà, torí abèèrè kì í ṣìnà. Nígbàkigbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá na ọwọ́ mú òwú, Abẹ́rẹ́ máa ń rí àpá tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Ó mọ̀ pé ká ní òun ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí òwú dúdú, àpá yẹn ì bá má sí níbẹ̀.